Òwò òrí l'Ókè-Ògùn: owó igi náà kò sí nínú èédú

Láti Ṣakí títí dé Ìsẹ́yìn, kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn gbin igi òrí. Fúnra rẹ̀ ló ń hù lóko. Àwọn obìnrin ló ń ṣa èso rẹ̀ nígbà òjò. Wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, kí wọ́n tó yan án, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì pò ó títí òrí yóò fi léfòó.

Ìṣòro méjì ló ń bá òwò yìí fínra. Àkọ́kọ́ ni èédú. Igi òrí máa ń lò tó ọdún 15 sí 20 kó tó so dáadáa, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni alédùú fi ń gé e lulẹ̀. Ìkejì ni pé kóró lásán ni ọ̀pọ̀ ń tà fún alágbàtà, èrè á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Nítorí èyí ni ìjọba àpapọ̀ ṣe fòfin de kíkó kóró òrí lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Ìjọba ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 èso òrí àgbáyé ló ń ti Nàìjíríà wá, síbẹ̀ ìdá 1 péré ló ń kàn án nínú owó ọjà náà.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò kékeré ṣe kò ju agbára lọ. Kí kóró gbẹ dáadáa kó tó wọ àpò, torí èyí tó bá bu yóò ba òrí jẹ́. Kí wọ́n fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra ẹ̀rọ tí wọ́n á jọ máa lò. Kí wọ́n sì gba nọ́ńbà NAFDAC, kí òrí wọn lè wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá.

Ẹni tó bá gé igi òrí sun èédú, èèbù ọdún tó ń bọ̀ ló ń jẹ.