Àyẹ̀wò Iṣan Àárín Etí fún Àwọn tó Ní Multiple Sclerosis

Ènìyàn lè yege nínú àyẹ̀wò ìgbọ́ràn, síbẹ̀ kí ó má gbọ́ ọ̀rọ̀ yékéyéké níbi tí ariwo bá wà. Ọ̀kan lára àwọn àìsàn tó lè fa èyí ni multiple sclerosis, tí a ń pè ní MS ní ìkékúrú.

Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun ara a máa ba ìbòrí àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́. Okùn tí ìbòrí rẹ̀ bá ti bó, iṣẹ́ tí a rán an lè pẹ́ kó tó dé, ó sì lè má dé rárá. Àìsàn náà kì í ràn. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ 20 sí 40 ọdún.

Iṣan kékeré kan wà ní àárín etí. Bí ìró líle bá wọlé, bíi 70 sí 100 dẹ́síbẹ́lì, okùn ìgbọ́ràn a gbé ìròyìn lọ sí ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Àṣẹ a sì padà wá, iṣan náà a sì fà le. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ etí kan ni ìró wọ̀, iṣan etí méjèèjì ló ń dáhùn.

Ohun tí àyẹ̀wò yìí ń wò nìyẹn. Onímọ̀ ìgbọ́ràn yóò fi rọ́bà rírọ̀ dí ẹnu ihò etí, ẹ̀rọ yóò dá ìró, yóò sì wọn bí ìlù etí ṣe le sí. Kì í dunni, kì í sì í pẹ́. Bí iṣan etí tí ìró wọ̀ bá dáhùn, tí ti etí kejì kò sì dáhùn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà tó gba ìsàlẹ̀ ọpọlọ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ti bàjẹ́.

Àyẹ̀wò yìí nìkan kò tó láti fi dá MS mọ̀. Omi tó dúró sí àárín etí pàápàá lè dí iṣan náà lọ́wọ́. Nítorí náà ni dókítà ṣe ń kọ́kọ́ yẹ etí wò, tí yóò sì tún lo àwòrán ẹ̀rọ MRI. MS kò tíì ní oògùn tó ń wò ó tán, ṣùgbọ́n àwọn oògùn tó ń dín ìkọlù rẹ̀ kù wà.

Ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ wa, bí ìgbọ́ràn yín bá ṣàdédé dínkù, bí ojú yín bá ṣú, tàbí bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yín bá kú tipiri, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èsì rere àyẹ̀wò kan ṣoṣo mú yín dákẹ́.