Bátìrì Nexelion, Japan, 2005
Ilé-iṣẹ́ Sony ló ṣe bátìrì lítíọ́mù yìí, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 43 péré, fún kámẹ́rà fídíò Handycam. Gíráfáìtì, ìyẹn ohun dúdú inú pẹ́ńsù, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ánóòdù, ibi tí lítíọ́mù ń wọ̀ sí nígbà tí a bá ń ṣáàjì bátìrì. Tíìnì, irin funfun rírọ̀, lè gba lítíọ́mù jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bó ti ń gbà á ló ń wú ju ìlọ́po méjì lọ, tí ó sì ń fọ́ wẹ́wẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pò ó mọ́ kóbáàtì àti kábọ́ọ̀nù, tí ń gba ìwúsókè náà mọ́ra. Sony kéde àfikún agbára ìdá 30 nínú 100, èrè tó kéré sí ohun tí tíìnì nìkan ìbá mú wá.