Fíríìjì Ilé àti Ẹ̀rọ Yìnyín Inú Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, púpọ̀ nínú yín ni yóò kó kúrò ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ láìpẹ́, tí ẹ ó sì gba ilé fúnra yín. Ní Amẹ́ríkà níbí, fíríìjì sábà máa ń wà nínú ilé kí ayálégbé tó wọlé. Nígbà mìíràn, ayálégbé ló ń rà á. Èyí ó wù kó jẹ́, inú rẹ̀ ni oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan yóò wà. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀. Ọjọ́ tó bá dáṣẹ́ sílẹ̀ ni owó oúnjẹ ń ṣòfò, tí inú ń run ènìyàn, tí omi sì ń ṣàn dé ilé ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ díẹ̀. Òkúta omi tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run nígbà òjò líle ni Yorùbá ń pè ní yìnyín. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a fi ń pe omi tó dì nínú fíríìjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó gbọ́ “áìsì” dáadáa ní ìgboro Èkó àti Ìbàdàn. Omi a máa dì, yìnyín a máa yọ́. Ọbẹ̀ a máa kan, búrẹ́dì a máa bu, ẹran a máa jẹrà. Ẹ ó rí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nísàlẹ̀.

Báwo ni kó ṣe tóbi tó?

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń wọn inú fíríìjì. Ẹ fojú inú wo àpótí kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Iye irú àpótí bẹ́ẹ̀ tó lè wọ inú fíríìjì ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Lítà ni wọ́n ń lò ní ìlú Ọba. Àpótí kan yẹn jẹ́ nǹkan bíi lítà 28. Àgbàlagbà kan sábà máa ń nílò àpótí 4 sí 6. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta nínú ilé, ẹ wá fíríìjì tó wà láàárín 12 sí 18.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo bí ẹ ṣe ń jẹun. Ẹni tó ń se ìkòkò ọbẹ̀ ata ńlá kan lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń pín in sínú ike fún oṣù kan, apá fíríìsà ni kó wò jù. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ yìnyín àti garawa rẹ̀ náà ń gba àyè níbẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn àyè tí fíríìjì yóò dúró sí, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà, ẹ sì wọn àtẹ̀gùn. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ooru tó ń kó jáde gbọ́dọ̀ rí ibi gbà. Lákòótán, ẹ wò ó bóyá ọ̀pá omi wà nítòsí. Ẹ̀rọ yìnyín tí kò rí omi, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Báwo ni yìnyín ṣe ń jáde?

Ọ̀pá rọ́bà tínínrín kan ló ń gbé omi wá láti ara ògiri. Omi náà ń gba inú asẹ́ kọjá, ó sì ń dé ẹnu ọ̀nà kékeré kan tí iná mànàmáná ń ṣí tí ó sì ń tì. Bí ẹnu ọ̀nà yìí bá ṣí, ìwọ̀nba omi díẹ̀ ń dà sínú àwo kan nínú fíríìsà. Omi náà ń dì. Nígbà tí àwo bá tutù dé ìwọ̀n tó yẹ, irin kan ń mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná fún ìgbà díẹ̀ kí etí yìnyín lè yọ́, kó sì tú kúrò lára àwo. Apá kan á wá yí, á ti yìnyín náà sínú garawa. Omi mìíràn á tún dà.

Kí ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé garawa ti kún? Nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì, apá onírin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà. Bí yìnyín bá ti pọ̀, ó ń gbé apá yìí sókè, iṣẹ́ á sì dúró. Bí a bá bu yìnyín kúrò, apá á sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú owó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ilé, ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi rí yìnyín kankan. Mo pe oníṣẹ́. Ó ṣí fíríìsà, ó fi ìka kan fa apá onírin náà wálẹ̀, ó sì kọ ìwé owó fún mi. Ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú mi ló gbé e sókè.

Bí fíríìjì bá jẹ́ tuntun, ẹ ní sùúrù: ó lè tó wákàtí 24 kí yìnyín tó jáde. Ẹ da garawa méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ nù, kí ìdọ̀tí inú ọ̀pá tuntun lè bá a lọ.

Lílò rẹ̀ lójoojúmọ́

Ibi tí oúnjẹ wà kò gbọdọ̀ gbóná ju díígírì 40 Fahrenheit lọ, ìyẹn díígírì 4 Celsius. Kí fíríìsà wà ní òdo Fahrenheit, ìyẹn díígírì 18 sísàlẹ̀ òdo Celsius. Ẹ ra òṣùwọ̀n otútù kékeré kan sínú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀.

Ní ilé, ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kó má baà kan. Bí ẹ bá ní fíríìjì, ẹ má fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí ààrò di ọjọ́ kejì. Kí wákàtí 2 tó pé, ẹ pín in sínú àwo tí kò jìn, ẹ bò ó, ẹ sì gbé e wọlé. Ẹran tútù ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni kó wà, kí omi rẹ̀ má baà kán sórí oúnjẹ mìíràn. Ẹ má gbé odidi iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n sínú fíríìjì o. Otútù ń bà wọ́n jẹ́.

Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí ìlẹ̀kùn. Fíríìjì tí a kò ṣí lè mú oúnjẹ tutù fún wákàtí 4. Fíríìsà tó kún lè gbà á fún wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24.

Bí nǹkan bá bàjẹ́

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀rọ yìnyín, ẹ yọ wáyà iná fíríìjì kúrò lára ògiri.

Yìnyín kò jáde rárá: Ẹ wo apá onírin. Ẹ wo òṣùwọ̀n otútù; bí fíríìsà kò bá tutù tó, àwo kò ní da yìnyín. Ẹ wò ó bóyá táàpù omi ẹ̀yìn fíríìjì ṣí. Ó sì lè jẹ́ pé omi ti dì sínú ọ̀pá fúnra rẹ̀.

Yìnyín kéré, tàbí ó ní ihò nínú: Omi kò tó. Asẹ́ ló sábà máa ń fà á. Oṣù 6 sí oṣù 6 ni ọ̀pọ̀ fíríìjì ń fẹ́ asẹ́ tuntun.

Yìnyín lẹ̀ mọ́ra: Ó ti pẹ́ jù nínú garawa, tàbí ìlẹ̀kùn kì í tì dáadáa. Ẹ dà á nù, ẹ fọ garawa, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má fi ọ̀bẹ gún un.

Yìnyín ń rùn: Ẹ wá irú tàbí ẹja tí ẹnìkan kò bò. Yìnyín máa ń fa òórùn mọ́ra.

Fíríìjì kò tutù: Ẹ fi owó ìwé kan sáàárín ìlẹ̀kùn, ẹ tì í, kí ẹ sì fà á. Bí ó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà etí ìlẹ̀kùn ti dọ̀tí tàbí ó ti gbó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbá eruku kúrò lára àwọn ọ̀pá tó lọ́ bí ejò lẹ́yìn tàbí lábẹ́ rẹ̀.

Omi ń jò: Táàpù ni kí ẹ kọ́kọ́ tì. Ìgbà náà ni kí ẹ tó máa wá orísun rẹ̀.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ẹ kọ̀wé sí onílé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ti gáàsì tó ń mú fíríìjì tutù, ẹ má fọwọ́ kàn án: ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí tún un ṣe.

Ìbéèrè

1. Kí nìdí tí apá onírin fi ń lọ sókè?
2. Ẹ̀yin mẹ́rin ni ẹ jọ fẹ́ gbé ilé kan. Fíríìjì wo ni ẹ ó rà, kí sì nìdí?
3. Iná ti lọ láti aago mẹ́fà àárọ̀. Aago mọ́kànlá ti lù báyìí. Kí ni ẹ ó ṣe sí ẹran tó wà nínú fíríìjì, kí sì ni ẹ ó ṣe sí èyí tó wà nínú fíríìsà?
4. Ẹ kọ lẹ́tà ìlà mẹ́fà sí onílé yín nípa fíríìjì tó ń jo omi. Ẹ má gbàgbé láti kí i kí ẹ tó fẹjọ́ sùn.