Tí Gẹ̀ẹ́sì Inú Ìwé Ọmọ Yín Ò Bá Yé Yín

Ìyá kan gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi wà ní pírámárì 3. Tó bá ti gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé, ń ṣe ni mo máa ń díbọ́n pé ọwọ́ mi dí, torí Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé yẹn ò yé mi. Ṣé mo tiẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lè ràn án lọ́wọ́ dáadáa.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ní ìmọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àtàwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún 6 gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ kejì fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún 3, wọ́n wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbẹ̀yìn, àwọn tó fi Yorùbá parí ló mókè nínú iṣẹ́ yòókù, wọn ò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Lóòótọ́, àwọn yẹn ní olùkọ́ àti ìwé Yorùbá. Ṣùgbọ́n ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ jù wà lẹ́nu yín nílé: èdè tó yé ọmọ.

Báwo lẹ ṣe máa lò ó?

Àkọ́kọ́, ẹ ní kí ọmọ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún yín ní Yorùbá. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti pin lẹ́nu rẹ̀, ibẹ̀ ni kò yé e. Ẹ fàmì sí i, kó béèrè lọ́wọ́ tíṣà lọ́jọ́ kejì.

Ìkejì, ẹ lo nǹkan inú ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rò pé ìdá mẹ́rin pọ̀ ju ìdajì lọ, torí pé 4 ju 2 lọ. Ẹ gé búrẹ́dì méjì tó dọ́gba: ẹ pín ọ̀kan sí méjì, kẹ́ ẹ pín èkejì sí mẹ́rin. Ẹ wá bi í pé, "Èwo lo máa mú?" Ọmọ tí ebi ń pa ò ní ṣì í.

Ìkẹta, ẹ gbé fóònù jìnnà fún ogún ìṣẹ́jú, títí kan tiyín. Tó bá jẹ́ àwa lẹ sì ń gbọ́ lọ́wọ́, ẹ dá wa dúró ná.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọmọ ní olódo. Ọmọ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kì í jáwọ́ nínú àṣìṣe. Ìwé rẹ̀ ló máa ń fi pa mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má díbọ́n mọ́ lálẹ́ òní. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sọ fún un pé, "Ó yá, wá kọ́ mi."

Ó dìgbà kan ná.