Ṣé o mọ̀? Ohun tó ń fa àbámọ̀ fún obìnrin tó ti ní òun ò bímọ mọ́

Ṣé o mọ̀ pé okùn tí dókítà fi ń so obìnrin kó má bàa bímọ mọ́ kì í pẹ́ lára rẹ̀? Ilé ọmọ gan-an kọ́ ni wọ́n ń so o, ọ̀nà tóóró méjì tí ẹyin ń gbà bọ́ síbẹ̀ ni. Dókítà á ṣẹ́ ẹ po, á fi okùn so ìdí ibi tó ṣẹ́ po, á wá gé orí rẹ̀ dànù. Okùn yẹn á yọ́ mọ́ ara. Ojú méjèèjì tí wọ́n gé á jinná, wọ́n á sì jìnnà síra. Ọgbọ́n Ralph Pomeroy, dókítà ará Amẹ́ríkà, ni. Ó ti kú kí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbé e jáde lọ́dún 1930. Ẹni tó wá ń sọ pé "tó bá yá, màá ní kí wọ́n tú u," kí ni wọ́n fẹ́ tú? Iṣẹ́ abẹ mìíràn ni àtirán an padà, ó gbówó lórí, kì í sì í ṣẹnuure fún gbogbo èèyàn.

Ta ló ń kábàámọ̀? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọpa obìnrin 11,232 tó ṣe é láàárín 1978 sí 1987. Kí ọdún 14 tó pé, bí 20 nínú 100 àwọn tí kò tíì ju ọmọ 30 ọdún lọ nígbà tí wọ́n ṣe é ló kábàámọ̀. Nínú àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀, kò pé 6. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ ni ọkàn wọn balẹ̀. Àmọ́ obìnrin tí òun àti ọkọ ti jà sí i ṣáájú, àbámọ̀ tiẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní Íńdíà, níbi tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn abilékọ lọ ti ṣe é, ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn náà wà lára àwọn tó ń kábàámọ̀ jù? Gbé ìyẹn wá sí Rigasa ní Kàdúná. Ìwádìí ìjọba tọdún 2018 ní nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí ní Àríwá Ìwọ̀ Oòrùn, 187 kì í pé ọmọ ọdún márùn-ún. Opó tàbí ẹni tí ọkọ kọ̀ níbẹ̀, tó bá ti ṣe ìddà, ìyẹn àkókò tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní kó fi dúró, tán, kì í pẹ́ tó fi ń wọ ilé ọkọ mìíràn, ọkọ tuntun á sì máa retí ọmọ tirẹ̀. Ó ha yà ọ́ lẹ́nu pé ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn abilékọ tó ṣe é kò tó 1 nínú 100?

Àkókò tí wọ́n bi obìnrin léèrè náà ń dá kún un. Lọ́dún 1880, nígbà tí dókítà Samuel Lungren kọ́kọ́ ṣe é ní Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio, inú tó ti là láti gbé ọmọ jáde ló ti ṣe é. Títí dòní, orí bẹ́ẹ̀dì ìrọbí ni wọ́n ṣì ti ń bi ọ̀pọ̀ obìnrin léèrè. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe wákàtí ìpinnu. Ní Amẹ́ríkà, bí ìjọba bá máa san owó rẹ̀, ó di 30 ọjọ́ lẹ́yìn tóo bá fọwọ́ sí i. Brazil ní 60. Òfin tí Brazil ṣe lọ́dún 2022 tún yọ ìfọwọ́sí ọkọ kúrò.

Ẹyin obìnrin tí wọ́n so ṣì wà níbẹ̀ ṣá. Ọ̀nà ẹyin ìyá Louise Brown, ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi oyún inú ìgò bí, ti dí pátápátá kó tó bí i lọ́dún 1978, ilé ìwòsàn LUTH l'Ékòó sì ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1989. Owó rẹ̀ ni kì í ṣe kékeré.

Fún ẹni tí kò tíì dá lójú, ìfètò-sọ́mọ míì wà: nílé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń tì sí abẹ́ awọ apá ti di ọ̀fẹ́ láti ọdún 2011. Ọlọ́dún mẹ́ta wà, ọlọ́dún márùn-ún wà, bí wọ́n bá sì yọ ọ́, kì í pẹ́ tí oyún fi lè dúró.