Bébà kíká fún àwọn àgbàlagbà: iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ná ni lówó tó lè lé ìdánìkanwà jìnnà

Ní ọjọ́ iṣẹ́, bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá ti kọjá, ọ̀pọ̀ ilé ní Pápá Àjàó máa ń dá wáí. Àwọn kan ti gba ọ̀nà Ládípọ̀ lọ nídìí ẹ̀yà ara mọ́tò, àwọn kan ti wà lọ́jà Òjúwoyè, àwọn ọmọ ti wà nílé ìwé. Ẹni tó máa ń kù sílé ni màmá àgbà tàbí bàbá àgbà, lórí àga lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tí rédíò á máa sọ̀rọ̀ sí létí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n ti jẹun, wọ́n ti lo oògùn, àwọn ará ilé sì gbà pé ó parí síbẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ tó ti ṣiṣẹ́ fún àádọ́ta ọdún ló wá dùbúlẹ̀ lórí itan yẹn látàárọ̀ dalẹ́.

Ní ilẹ̀ Japan, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń fi sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni bébà. Origami ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. "Ori" ni kíká, "kami" ni bébà, ìyẹn ni pé bébà kíká ni gbogbo orúkọ náà. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é jù ni pé wọ́n á mú bébà kan ṣoṣo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, wọn ò ní fi àlùmọ́gàjí kàn án, wọn ò ní fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n á kàn máa ká a títí á fi di ẹyẹ, ọ̀pọ̀lọ́, òdòdó tàbí àpótí. Akira Yoshizawa, tí wọ́n bí ní 1911 tó sì kú ní 2005, ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà tí gbogbo ayé mọ̀. Òun náà ló fi àmì ọfà àti ìlà yíyà ṣàlàyé bí a ṣe ń ká a, débi pé ẹni tí kò gbọ́ èdè Japan lè wo àwòrán kó sì ká bébà tirẹ̀.

Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan, tó fara jọ lékeléke tiwa, ló lókìkí jù nínú ohun tí wọ́n ń fi bébà ká. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó bá ká ẹgbẹ̀rún kan nínú rẹ̀, ohun tó ń tọrọ á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sadako Sasaki, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Hiroshima ní 1945, ló ń ká a lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nígbà tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú un. Ó kú ní 1955. Títí dòní ni àwọn èèyàn ń kó ẹyẹ bébà lọ síbi ère tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ìrántí rẹ̀ ní ìlú náà.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè ní kí ló kan ará Mushin níbẹ̀. Ó kàn án dáadáa. Màmá tó ti fi ogójì ọdún pọ́n ẹ̀kọ, tàbí tó ń fi ewé pọ́n móínmóín tí omi rẹ̀ kò jò, kò sí ohun tí ẹnì kankan fẹ́ kọ́ ọ nípa kíká. Ẹni tó ń wé gèlè láì wo dígí, ẹni tó ń ká ìwé ìròyìn ṣóńṣó fi ta ẹ̀pà, bàbá tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ fìlà tó fi máa dúró bó ṣe fẹ́ ẹ, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Ewé àti aṣọ ló kàn yí padà di bébà.

Kí ni àǹfààní rẹ̀ gan-an?

Ká má ṣe parọ́ fún ara wa: bébà kíká kì í ṣe oògùn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣiṣẹ́, pàápàá àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, tí àgbàlagbà fi ń de bọ́tìnì, tó fi ń ṣí ìdérí oògùn. Ó ń mú ojú àti ọwọ́ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó sì ń béèrè pé kí èèyàn rántí ohun tó ṣe kẹ́yìn kó tó mọ èyí tó kàn.

Ní 2015, àwọn olùṣèwádìí Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Èèyàn 256 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 85 sókè ni wọ́n tẹ̀ lé fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ bí aṣọ rírán, igi gbígbẹ́ àti ìkòkò mímọ láti àárín ọjọ́ orí títí di ọjọ́ ogbó, ewu kí iyè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rà fi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò ṣe é. Iṣẹ́ yẹn kò sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ló fà á o. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì jí pépé ló ń rójú ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn tí kò ná ni ju bébà lọ, ó yẹ ká gbé e wò.

Àwọn kan máa ń sọ pé àrùn ìgbàgbé kì í ṣe ti wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1992 ni àwọn oníṣègùn Fásitì Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí láàárín àwọn Yorùbá Ìbàdàn tó ti pé ọdún 65 àti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001, ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Ìbàdàn ni àrùn Alzheimer ń mú lọ́dọọdún, nígbà tó jẹ́ 2.52 lọ́hùn-ún. Tiwa kéré, àmọ́ ó wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú ni pé nígbà tí màmá kan bá ń ṣarán ní àdúgbò wa, tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tó ṣìnà délé onílé lóru, àwọn kan kì í sọ pé ó ń ṣàìsàn. Àjẹ́ ni wọ́n máa ń pè é. Ẹni tó bá ń jókòó tì í, tó ń bá a ká nǹkan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, á tètè rí i pé ohun tí màmá mọ̀ ọ́n ṣe lóṣù tó kọjá ti dàrú mọ́ ọn lójú. Àsìkò yẹn ló yẹ ká gbé wọn lọ sí ọsibítù, kì í ṣe ilé aríran. LUTH ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí Pápá Àjàó.

Bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Ife ni kí ẹ kọ́kọ́ ká, torí ó rọrùn, ó sì wúlò. Bí bébà yín bá gùn, ẹ mú igun kan lókè, ẹ ká a wá sí ẹ̀gbẹ́ kejì títí orí bébà á fi tò mọ́ ẹ̀gbẹ́ náà. Ẹ gé èyí tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ kúrò. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ti dọ́gba níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ká a láti igun dé igun kó di onígun mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ń ká síkáàfù, kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ mú igun ọ̀tún, ẹ ká a lọ bá àárín ẹ̀gbẹ́ òsì, kí etí rẹ̀ lókè tẹ́ gbọọrọ bí ìdí bébà ṣe tẹ́. Ẹ ká ti òsì bẹ́ẹ̀ wá sí ọ̀tún. Ahọ́n méjì á ṣẹ́kù lókè: ẹ tẹ ọ̀kan síwájú, ẹ tẹ ìkejì sẹ́yìn. Ẹ fi ìka ya ẹnu rẹ̀. Bí bébà náà bá mọ́ tí kò ní yíǹkì, ó lè gba gúgúrú tàbí ẹ̀pà àwọn ọmọ.

Ti bébà kò le. Àwọn ìtẹ̀wé Ṣómólú máa ń ní àjákù tó dára. Kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá náà wà nílé gbogbo èèyàn, àmọ́ ó máa ń le fún ìka tí làkúrègbé bá ń dà láàmú, bébà tínrín ló dára fún irú wọn. Ẹ sì ṣọ́ra fún kàlẹ́ńdà tó ní àwòrán olóògbé. Àgbàlagbà míì ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ká ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí méjì, kò sì jẹ̀bi.

Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ kan lè fi ọwọ́ kejì ká a, kí ẹnì kan bá a di bébà mú tàbí kí wọ́n gbé nǹkan tó wúwo lé e. Àwọn onítọ̀ọ́jú kan wà tí iṣẹ́ wọn gan-an nìyẹn, kí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ dá agbára padà sára aláìsàn. Occupational therapist ni wọ́n ń pè wọ́n, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ wọn sì wà ní Òṣòdì níbí. Tí ìyà ìṣubú tàbí rọpárọsẹ̀ bá ti jẹ èèyàn yín, ẹ béèrè wọn ní ọsibítù, torí àwọn aláìsàn míì á ti lọ sílé kí wọ́n tó gbọ́ pé irú wọn wà.

Ohun kan ṣoṣo tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni kí wọ́n máa ṣe àgbàlagbà bí ọmọ jẹ́léósinmi. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún pé ó ká ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jẹ́ kó ká ohun tó nílò: àpò kékeré tí màmá ìdí rẹ̀ á fi di kúlíkúlí tà, àpótí tí oògùn àárọ̀ àti ti alẹ́ á máa wà, ènífilọ́ọ̀pù tí wọ́n á fi owó sí fún ọmọ tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Àwọn ọmọ tó ti ilé ìwé dé lè jókòó tì wọ́n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, níbi tí iná mànàmáná tàbí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bá ti tó. Japan ní ọjọ́ ìsinmi kan fún bíbọ̀wọ̀ fún àgbà, ọjọ́ Ajé kẹta nínú oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà bọ́ sí October 1, ọjọ́ òmìnira Nàìjíríà, tí kò sí iṣẹ́, tí kò sí ilé ìwé, tí gbogbo ará ilé á wà nílé.