Ẹja Aláwọ̀ Wúrà Nínú Ilé

Ní Awó, lẹ́bàá Ẹdẹ, àrọ̀ ni ẹja tí a mọ̀ láti máa sìn lẹ́hìnkùlé. Nítorínáà, nígbà tí àwa gbé ẹja aláwọ̀ wúrà méjì sínú àpótí dígí, a rò pé bákannáà ni ìtọ́jú wọn. Àṣìṣe ńlá! Bí omi bá bàjẹ́, àrọ̀ a máa gòkè wá mí afẹ́fẹ́ òde. Ẹja wúrà, tí àwọn ará Ṣáínà ti ń sìn láti ohun tí ó lé ní 1,000 ọdún, kò ní ẹ̀yà ara fún irú èyí.

Nígbà tí omi wọn dọ̀tí, a dà á nù pátápátá, a fọ àpótí náà tónítóní, a sì rọ omi ẹ̀rọ tuntun sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn méjèèjì ti kú; ọmọ wa àbíkẹ́hìn kò sì fẹnu kan oúnjẹ ní ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ònkàwé wa, oògùn apakòkòrò tí ń bẹ nínú omi ẹ̀rọ a máa jó ìjàǹjá ẹja. Ẹ jẹ́ kí omi náà wà nínú garawa tí a kò dé fún wákàtí 24. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ẹ máa pààrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi ọṣẹ fọ òkúta inú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí ń pa oró ìgbẹ́ ẹja, ń gbé. Oúnjẹ tí wọn yóò jẹ tán ní ìṣẹ́jú 2 ti tó.

Àwa ti ra méjì mìíràn. Omi wọn ti wà nínú garawa láti àná.